Nígbà Tí Wọ́n Bá Pe Oríkèé Àtọwọ́dá Padà



Bí ìyá kan bá ra ìyẹ̀fun lọ́jà, tó délé, tó rí i pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ó mọ ohun tí yóò ṣe: yóò gbé e padà fún ẹni tó tà á fún un. Bí mọ́tò kan bá ní àléébù láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ilé iṣẹ́ náà lè ní kí gbogbo àwọn tó rà á gbé e wá fún àtúnṣe. Ṣùgbọ́n bí ohun tí a rà bá ti wà nínú ara ènìyàn ńkọ́? Bí dókítà bá ti fi í sí ìbàdí bàbá wa, tí ẹran ti bò ó, tí ojú ọgbẹ́ ti jiná, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá kéde lẹ́yìn ọdún 5 pé àléébù wà nínú rẹ̀, ta ni yóò gbé kí ni padà?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní Amẹ́ríkà, ní Faransé, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ọsirélíà, ó sì kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Àwa tí à ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí a wo kòtò náà dáadáa, kí a mọ bí a ó ti yà fún un.

KÍ NI ORÍKÈÉ ÀTỌWỌ́DÁ?

Egungun itan ní orí róbótó kan lókè. Orí yìí wọ inú kòtò kan ní egungun ìbàdí, ibẹ̀ ló sì ti ń yí bí ọmọ odó nínú odó nígbà tí a bá ń rìn, tí a bá jókòó, tí a bá kúnlẹ̀. Nǹkan kan tó ń dán, tó ń yọ̀, ló bo orí egungun náà, kí egungun má bàa máa ha egungun. Bí nǹkan náà bá jẹ tán, tàbí tí orí egungun bá kú, ìrora kì í jẹ́ kí ènìyàn rìn lọ́sàn-án tàbí kó sùn lóru.

Nígbà náà ni dókítà oníṣẹ́ abẹ yóò gé orí egungun tó bàjẹ́ kúrò. Yóò ki ọ̀pá irin bọ inú egungun itan, yóò fi orí róbótó tuntun lé e, yóò sì fi ago tuntun sínú kòtò ìbàdí. Orí náà lè jẹ́ irin tàbí séràmíìkì, ìyẹn irú amọ̀ sísun kan tó le gan-an. Inú ago náà lè jẹ́ ike líle, ó lè jẹ́ séràmíìkì, ó sì lè jẹ́ irin. Ti orúnkún náà kò yàtọ̀ púpọ̀: irin lókè, irin nísàlẹ̀, ike líle láàárín. Òun ni àwọn dókítà wa tó kọ́ṣẹ́ ní èdè Faransé ń pè ní pròtẹ́ẹ̀sì.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn òyìnbó arúgbó nìkan ló ń lò ó. Lọ́dọ̀ wa, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS wà lára àwọn tó nílò rẹ̀ jù lọ. Àrùn yìí a máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí egungun itan, egungun náà a sì kú, nígbà mìíràn nígbà tí ẹni náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìyá àgbà tó gba oríkèé tuntun ní ẹni ọdún 75 lè má gbé e ju ọdún 15 lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà á ní ẹni ọdún 25 ní láti gbé e ní ìgbà èwe, ìgbà iṣẹ́ àti ìgbà ọmọ títọ́. Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ bá kéde àléébù lẹ́yìn ọdún 10, òun ni ọ̀rọ̀ yóò kàn jù.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ kan kí a tó lọ síwájú: iṣẹ́ abẹ yìí dára. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nínú oríkèé ìbàdí 100, nǹkan bí 58 ló ṣì wà ní àyè wọn lẹ́yìn ọdún 25. Nínú oríkèé orúnkún 100, nǹkan bí 82 ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti di arọ ló tún fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn. A kò kọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. A kọ ọ́ kí ẹni tó gbà á lè mọ bí a ti í tọ́jú ohun tó gbà.

ẸNI TÓ TÚN IṢẸ́ ỌWỌ́ ARA RẸ̀ ṢE

Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, John Charnley, ló fi ọ̀nà tí à ń tọ̀ lónìí lélẹ̀, ní ilé ìwòsàn Wrightington. Ní nǹkan bí ọdún 1958, ó ń fi Teflon ṣe ago ìbàdí. Teflon yìí ni ohun tí wọ́n fi ń tẹ́ inú páànù kí oúnjẹ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Nǹkan bí 300 ènìyàn ló ṣe é fún. Wọ́n dìde, wọ́n rìn, inú gbogbo ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀, Teflon náà jẹ, lúbúlúbú rẹ̀ dà sínú ẹran ara, ìrora sì padà dé.

Charnley kò sá. Ó pe àwọn ènìyàn rẹ̀ padà, ó sì tún wọn ṣe. Ó tún fi ègé Teflon àti ègé ike líle tuntun kan sínú itan ara rẹ̀, kó lè rí ohun tí ara yóò ṣe sí wọn. Ibi tí Teflon wà wú. Ibi tí ike tuntun wà kò ṣe nǹkan kan. Ike tuntun náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù Kọkànlá ọdún 1962, irú rẹ̀ ni a ṣì ń lò títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti tún un ṣe.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Charnley lè pe àwọn ènìyàn rẹ̀ padà nítorí pé ó mọ̀ wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ago náà sí i, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé rẹ̀. Ní ayé òde òní, ẹni tó ṣe é wà ní òkè òkun, ẹni tó tà á wà ní ìlú kejì, ẹni tó fi í sí ara wà ní ìlú kẹta, ẹni tó gbà á sì ti padà sí Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́.

KÍ NI ÌPÈ-PADÀ?

Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá mọ̀ pé ohun tó ṣe ní àléébù, tàbí tí ìjọba bá fi ipá mú un, nǹkan mẹ́ta ló yẹ kó ṣẹlẹ̀. Èkíní, kí wọ́n dá títà rẹ̀ dúró. Èkejì, kí wọ́n kó gbogbo èyí tó ṣì wà nínú páálí padà láti ilé ìwòsàn. Ẹ̀kẹta, èyí tó le jù, kí wọ́n wá àwọn tó ti ní in lára rí, kí wọ́n sọ fún wọn, kí dókítà sì yẹ̀ wọ́n wò.

Kì í ṣe gbogbo ìpè-padà ló jẹ́ ewu ńlá. Nígbà mìíràn ohun tó wà nínú páálí kò bá ohun tí wọ́n kọ sí i lára mu, wọ́n á sì kó o padà kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ìpè-padà kò túmọ̀ sí pé kí gbogbo ẹni tó ní in lára lọ yọ ọ́ kúrò. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé: lọ fi ara rẹ han dókítà.

MẸ́RIN NÍNÚ ÀWỌN TÓ ṢẸLẸ̀

Èkíní ni ti òróró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Sulzer Orthopedics ní ìlú Austin, ní Amẹ́ríkà, pe irú ago ìbàdí kan tó ń jẹ́ Inter-Op padà. Ago yìí kì í lo sìmẹ́ǹtì. Egungun ènìyàn fúnra rẹ̀ ló yẹ kó hù mọ́ ara irin náà, kó dì í mú bí gbòǹgbò igi ti ń di ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n òróró ẹ̀rọ díẹ̀ ṣẹ́kù sí ara àwọn kan nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n. Egungun kọ̀, kò hù mọ́ wọn. Nǹkan bí 17,500 ènìyàn ló ti ní irú ago náà lára. Òróró díẹ̀ tí a kò fọ̀ kúrò ló mú kí ilé iṣẹ́ náà gbà ní ọdún 2002 láti san nǹkan bí bílíọ̀nù kan dọ́là.

Èkejì ni ti iná. Ní Faransé, ilé iṣẹ́ Saint-Gobain Desmarquest ń ṣe orí róbótó séràmíìkì tó ń jẹ́ Prozyr, ó sì ti ń tà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1998, wọ́n yí irú ààrò tí wọ́n fi ń sun ún padà. Àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò mọ̀ ọ́n: amọ̀ kan náà, ọwọ́ kan náà, bí iná bá yàtọ̀, ìkòkò a yàtọ̀. Àwọn kan lára èyí tó jáde láti inú ààrò tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nínú ara ènìyàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, wọ́n dá títà rẹ̀ dúró, wọ́n sì pè é padà.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Ilé iṣẹ́ DePuy, tó jẹ́ ti Johnson & Johnson, ní irú oríkèé ìbàdí kan tó ń jẹ́ ASR. Irin ni orí rẹ̀, irin ni ago rẹ̀. Èrò wọn ni pé irin kò ní tètè jẹ bí ike, yóò sì wúlò fún àwọn tí kò tíì dàgbà. Ní ọdún 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ní ọdún 2005, ìjọba Amẹ́ríkà jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn wọ ọjà nípa òfin kan tó sọ pé bí ohun tuntun bá jọ èyí tó ti wà lọ́jà, kò pọn dandan kí a kọ́kọ́ dán an wò lára ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ago ASR kò jìn tó ti àwọn yòókù. Orí róbótó náà a máa ha etí ago, irin a sì máa lọ irin bí ọlọ ti ń lọ ata. Lúbúlúbú irin ń dà sínú ẹran, kòbáàtì àti kúróòmù inú rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹran tó yí oríkèé náà ká ń wú, òmíràn sì ń kú. Láti ọdún 2007 ni ìwé àkọsílẹ̀ Ọsirélíà ti ń fi hàn pé wọ́n ń tún ti ASR ṣe ju ti àwọn yòókù lọ. Ó di ìparí ọdún 2009 kí wọ́n tó mú un kúrò lọ́jà níbẹ̀. Ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2010 kí ilé iṣẹ́ náà tó pè é padà ní gbogbo ayé. Nígbà náà, ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ti fi hàn pé láàárín ọdún 5, wọ́n ti ní láti tún iṣẹ́ abẹ ṣe fún nǹkan bí 12 tàbí 13 nínú 100. Nǹkan bí 93,000 ènìyàn ló ti ní in lára.

Ẹ ka ọdún náà: láti 2007 dé 2010. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn àgbà ilé iṣẹ́ àti àwọn dókítà ń jiyàn, wọ́n ń fi í sí ara àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin ni ti ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Láti ọdún 2004, ilé iṣẹ́ Exactech ní ìpínlẹ̀ Florida ń fi ike oríkèé sínú ọ̀rá tí ìpele kan nínú rẹ̀ kò sí. Ìpele yẹn ló yẹ kó dí afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ wọlé, ike náà gbó nínú páálí kí dókítà tó fọwọ́ kàn án, kò sì pẹ́ nínú ara kó tó jẹ. Ní ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n padà. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìpè náà gbòòrò dé gbogbo ike orúnkún àti ti ọrùn ẹsẹ̀ tó wà nínú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, èyí tó lé ní 147,000 tí wọ́n ti fi sí ara ènìyàn ní Amẹ́ríkà nìkan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ilé iṣẹ́ náà lọ sọ fún ilé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn.

BÁWO NI ÀṢÍRÍ ṢE Ń TÚ?

Dókítà kan lè rí ènìyàn méjì tí ìbàdí wọn ń dùn wọ́n, kó rò pé bóyá ọwọ́ òun ni kò gún, tàbí pé egungun wọn ni kò le. Ṣùgbọ́n bí gbogbo dókítà orílẹ̀-èdè kan bá ń kọ gbogbo oríkèé tí wọ́n fi sí ara ènìyàn sínú ìwé kan ṣoṣo, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ èyí tí wọ́n tún yọ, kò ní pẹ́ tí èyí tí kò dára yóò fi yọ sójú. Súwídìn ló kọ́kọ́ ṣe é, ti orúnkún ní ọdún 1975, ti ìbàdí ní ọdún 1979. Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní ọdún 2003. Ìwé àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ló tú àṣírí ASR.

LẸ́TÀ TÍ KÒ MỌ ILÉ RẸ

Bí ìpè-padà bá dé, ilé iṣẹ́ á kọ̀wé sí ilé ìwòsàn tó ra ọjà náà. Ilé ìwòsàn á wo fáìlì rẹ̀ láti mọ ẹni tí wọ́n fi í sí lára, á sì pè é. Okùn kan ni. Níbi tó bá ti já, ibẹ̀ ni lẹ́tà náà yóò kú sí. Lọ́dọ̀ wa, ibi tó ti lè já pọ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ní Paris ti padà wálé. Dókítà tó wá láti òkèèrè fún ọ̀sẹ̀ méjì ti padà síbi tó ti wá. Òjò ti pa fáìlì, ikán ti jẹ òmíràn. Nọ́ńbà tẹlifóònù tí a fún wọn ti yí padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìrora á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 4, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n bàbá ló na ọwọ́ sí i. Owó á máa jáde, ìdílé á máa tú, ẹsẹ̀ náà á sì máa bàjẹ́ sí i. Kí a tó fi ẹ̀sùn kan ẹ̀gbọ́n bàbá, ǹjẹ́ kò yẹ kí a kọ́kọ́ bi dókítà léèrè nípa ohun tó wà nínú ìbàdí náà?

Owó ìtanràn náà kò kan ẹni tí kò ní ẹ̀rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, wọ́n gbà láti san nǹkan bí bílíọ̀nù 2.5 dọ́là nítorí ASR, fún nǹkan bí 8,000 ènìyàn ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára wọn. Gbogbo wọn ló ní láti fi ìwé hàn. Níwájú ilé ẹjọ́, ẹni tí kò ní ìwé kò ní ẹnu.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE

1. Ẹ béèrè káàtì oríkèé náà. Nínú páálí kọ̀ọ̀kan ni bébà alẹ̀mọ́ kékeré wà tí a kọ orúkọ ilé iṣẹ́, irú ohun tó jẹ́ àti nọ́ńbà lọ́ọ̀tì sí. Nọ́ńbà lọ́ọ̀tì dà bí àkàrà tí a dín nínú epo kan náà: bí ọ̀kan bá korò, a mọ àwọn tí a ó wò. Nílé ìwòsàn, wọ́n á lẹ bébà yìí mọ́ fáìlì. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lẹ òmíràn fún yín, tàbí kí wọ́n da á kọ. Ní Yúróòpù, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2021 sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó gba oríkèé gba káàtì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Faransé, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbà á kí wọ́n tó wálé.

2. Bí iṣẹ́ abẹ ti pẹ́, ẹ padà lọ béèrè. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ abẹ náà àti rádíò, ìyẹn àwòrán egungun. Bí fáìlì bá tilẹ̀ ti sọnù, dókítà tó mọ iṣẹ́ lè wo àwòrán náà kó mọ irú oríkèé tó ṣeé ṣe kó jẹ́.

3. Ẹ tọ́jú ìwé náà sí ibi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó sí. Kí ẹni méjì nínú ilé mọ ibẹ̀. Bí nọ́ńbà tẹlifóònù yín bá yí padà, ẹ lọ sọ fún ilé ìwòsàn.

4. Ẹ máa lọ fún àyẹ̀wò bí dókítà bá ti sọ, kódà bí nǹkan kan kò dùn yín. Ike lè máa jẹ díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora, àwòrán egungun ni yóò sì fi í hàn.

5. Bí ìrora tuntun bá dé ní ìbàdí, ní itan tàbí ní orúnkún, bí ibẹ̀ bá wú, bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, bí oríkèé bá ń dún tàbí tó ń yẹ̀, ẹ má ṣe dúró. Ẹni tí ti rẹ̀ jẹ́ irin lórí irin lè ní láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kòbáàtì àti kúróòmù.

6. Bí ẹ bá gbọ́ ìpè-padà, ẹ má sáré lọ yọ ọ́. Lórí ọ̀rọ̀ Exactech, àwọn aláṣẹ ìlera Amẹ́ríkà sọ ọ́ kedere pé bí oríkèé bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò sí ìrora tuntun, kí a má ṣe yọ ọ́. Kí a máa ṣọ́ ọ ni. Iṣẹ́ abẹ kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, pàápàá fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS.

Oríkèé tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe lè ní àléébù, nítorí ọwọ́ ènìyàn a máa ṣìṣe. Ilé iṣẹ́ ló ni ẹ̀bi àléébù. Ìjọba ló ni ẹ̀bi bí kò bá ṣọ́ ọjà. Ṣùgbọ́n bébà kékeré tó ní nọ́ńbà lára, ọwọ́ ìdílé ló wà. Lọ́sẹ̀ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ilé yín tó ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í pé: “Bàbá, ìwé yín dà?” Bí ó bá wà, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn lọ wá a.